Èmi Ni Mo Tì Mọ́ Ìta

Nígbà tí mo fẹ́ lọ kàwé gboyè kejì nínú ààbò kọ̀ǹpútà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Mọ́mì béèrè bóyá Yahoo ni wọ́n fẹ́ kọ́ mi. Mo ní, "Rárá o, àwọn tó ń mú Yahoo ni mo fẹ́ bá ṣe." Ẹ ò rí ẹnu mi!

Ohun mẹ́ta, wọ́n ní, ni ààbò dúró lé: kí àṣírí má tú, kí ẹnikẹ́ni má yí iṣẹ́ padà, kí ẹni tó ni ín sì rí i lò nígbà tó bá fẹ́. Ìkẹta ni kò wọ̀ mí létí.

Wọ́n ní kí a mọ ògiri ààbò fún sáfà kan tó wà lọ́nà jíjìn. Òfin iptables tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ ni pé kó lé gbogbo ohun tó bá ń bọ̀ láti ìta dànù; n óò ṣí ojú ọ̀nà 22 tí SSH ń gbà tó bá yá. Àṣé ìta lèmi náà wà. Ojú kọ̀ǹpútà dì gbagidi. Mo kọ́kọ́ bú íntánẹ́ẹ̀tì ilé, mo tún bú ẹni tí a jọ ń gbé, tó ń fi í wo bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́ rẹ̀.

Ìyẹn kéré. Páásíwọ́ọ̀dù ni ìwádìí mi dá lé. Ní 2009, wọ́n jí èyí tó lé ní mílíọ̀nù 32 lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ RockYou, 123456 ló sì wọ́pọ̀ jù nínú wọn. Mo fi wọ́n ṣẹ̀sín. Èmi, oríkì bàbá àgbà ni mo fi ti dísìkì tí iṣẹ́ mi wà, pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀. Òyìnbó wo ló fẹ́ mọ ìyẹn?

Mo ra kọ̀ǹpútà tuntun, mo tẹ oríkì náà, dísìkì ní òun ò mọ̀ mí rí. Mo pe Mọ́mì pé kí wọ́n kì í fún mi díẹ̀díẹ̀. Ta ní ń ki oríkì díẹ̀díẹ̀? Bí mo bá ti ní kí wọ́n dúró, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Inú wọn dùn débi pé wọ́n ń sunkún; èmi ń tẹ bọ́tìnnì.

Oríkì kò ṣì. Ẹ́ tí ojú wa ń rí bí ẹyọ kan yìí, kíbọ́ọ̀dù kan lè kọ ọ́ bí ẹ tí wọ́n gbé àmì lé lórí, òmíràn a kọ ọ́ bí é tí wọ́n fi àmì sí nídìí. Lójú dísìkì, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Olùkọ́ mi béèrè ẹ̀dà kejì. Inú dísìkì yẹn náà ló wà.

Mo kọ ètò Python kan tó ń to àwọn àmì náà lóríṣiríṣi. LUKS tó ń ti dísìkì náà máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fa ẹsẹ̀ lórí ìgbìyànjú kọ̀ọ̀kan kó lè sú olè. Ó sú mi. Ilẹ̀ ti mọ́ kó tó ṣí. Títí mo fi gboyè, ohun kan ṣoṣo tí mo já wọ̀ nìyẹn.