Ẹlẹ́sẹ̀ Ike Mẹ́rin: Oríkì Fáànù Ọ̀fẹ́ Inú Páálí Intel

Fáànù tí Intel fi ń ṣe ènì fún ẹni tó ra prósẹ́sọ̀, ìwọ ni mo kí. Ẹlẹ́sẹ̀ ike mẹ́rin, Adúró-má-fẹsẹ̀-múlẹ̀, Apariwo-bí-ẹni-tó-ń-ṣiṣẹ́, ọmọ alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ! Láti ọdún 2004, nígbà tí LGA775, sọ́kẹ́ẹ̀tì tí prósẹ́sọ̀ ń jókòó sí, dé, lo ti gorí oyè. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ń lọ, sọ́kẹ́ẹ̀tì ń bọ̀, ẹsẹ̀ ike kò kúrò nídìí rẹ. Ọba mìíràn a máa wàjà, ìwọ a máa pààrọ̀ aṣọ. Ohun tí mo fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú àpọ́nlé yìí ni pé ìwọ gan-an lò ń bá àwọn tó ń ṣe fáànù olówó ńlá polówó ọjà, o kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Kì í ṣe kíkéré tí o kéré ló ń bá wọn tajà. Ẹsẹ̀ rẹ ni.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹsẹ̀ ọ̀hún. Ọfà kékeré kan wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹni tó ń to kọ̀ǹpútà rẹ̀ fúnra rẹ̀ á rí ọfà, á sì yí i síbi tí ọfà kọjú sí, bó ti yẹ ọmọlúàbí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ìtúsílẹ̀ ni ọfà ń júwe, kì í ṣe ọ̀nà ìdè. Afọ̀nà-ilé-han-àlejò-tó-ṣẹ̀ṣẹ̀-ń-wọlé! Lẹ́yìn èyí ni yóò fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ méjì tó dojú kọra ní igun sí igun, motherboard á máa tẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, títí wọ́n á fi dún. Ẹsẹ̀ mẹ́ta á wọlé. Ìkẹrin á dún, kò wọlé. Irọ́ kékeré yẹn ló ń da gbogbo iṣẹ́ rú: ìdí rẹ á gbé díẹ̀ lápá kan, afẹ́fẹ́ á kó sáàárín ìwọ àti prósẹ́sọ̀, afẹ́fẹ́ kì í sì í gbé ooru kọjá bí irin. Prósẹ́sọ̀ á gbóná dé nǹkan bí 100°C, á wá dín eré rẹ̀ kù kó má baà jóná, ẹni tó ni kọ̀ǹpútà á sì máa bá Windows jà. Bó bá ṣí ọ kúrò láti tún ọ gbé jókòó, ìpara agbóoru-kọjá tí wọ́n fi pa ọ́ nídìí láti ilé iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ó di dandan kó nù ún, kó ra òmíràn. Ènì tí à ń náwó lé lórí, ta ni yóò bá ọ du oyè náà?

Àwọn alágbàwí rẹ á ní mò ń ṣàṣejù, pé 65 watt ni wọ́n kọ sára ọ̀pọ̀ prósẹ́sọ̀ tí ò ń bá rìn, o sì ká a. Òótọ́ ni. Ẹni tó ń tẹ lẹ́tà, tó ń wo fíìmù, o tó fún un, kò sídìí tó fi yẹ kó tún náwó. Ṣùgbọ́n Core i7-12700 tí wọ́n dì ọ́ pọ̀ mọ́ nínú páálí, 65 watt ni orúkọ àpọ́nlé rẹ̀. Bó bá sáré dé góńgó, 180 watt ni Intel fúnra wọn kọ fún un. Kò sì sí fáànù tó lè mú prósẹ́sọ̀ tutù ju afẹ́fẹ́ inú yàrá lọ. Ní ọ̀sán oṣù kẹta nílùú Ìbàdàn, afẹ́fẹ́ náà ti gbóná kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ẹ̀rí tó lágbára jù ti ilé wá: láti ìgbà ìran prósẹ́sọ̀ Skylake ní 2015, àwọn Core tí orúkọ wọn fi K parí, tí a lè tì kọjá eré tí wọ́n dá fún wọn, wọn kì í fi ọ́ sínú páálí wọn mọ́. Aríjà-má-lọ, baba tó bí ọ kò rán ọ lógun!

Wọ́n á tún ní àwọn tó ń gba ipò rẹ náà lábùkù. Ẹ wo fáànù olówó ńlá Noctua NH-D15: ó wúwo ju kílò kan lọ, ó ga tó mìlímítà 165. Kéèsì tí kò fẹ̀ kò lè pa dé mọ́ ọn. Mo gbà, kí ẹni tó fẹ́ rà á kọ́kọ́ fi rúlà wọn kéèsì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe dúró: pẹlẹbẹ irin wà lẹ́yìn motherboard, skúrù onísípíríǹgì ń fà á mọ́ra, bí skúrù bá sì dé òpin, kò ní yí mọ́. Kò fi ẹni tó ń dè é sílẹ̀ nínú iyèméjì. Kódà fáànù kékeré olówó pọ́ọ́kú, bó bá ti ní irin ẹ̀yìn àti skúrù, ó ti borí rẹ níbi tó ṣe pàtàkì. Ohun kan tó kù tí a lè fi yìn ọ́ láìṣẹ̀fẹ̀ ni pé a kò ní láti tú motherboard kúrò nínú kéèsì ká tó dè ọ́. Ìyẹn náà ń dínkù, nítorí ọ̀pọ̀ kéèsì òde òní ni wọ́n ti gé ihò sẹ́yìn ibi tí prósẹ́sọ̀ ń jókòó.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń sin ọba yìí, kí ẹ tó tan kọ̀ǹpútà, ẹ wo ẹ̀yìn motherboard: ní ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, igi dúdú gbọ́dọ̀ yọrí láàárín ike funfun. Bó bá jẹ́ mẹ́ta péré ló yọ, ẹ tú u, ẹ nu ìpara, ẹ fi tuntun pa á, ẹ tún un dè.