Bí Wọ́n Ṣe Ń Pàdé Fádèyí Olóró

Olólùfẹ́ eré adẹ́rùbani ní Amẹ́ríkà a máa sanwó wọ gbọ̀ngàn, a tò sórí ìlà, a sì tún sanwó kí Robert Englund, ẹni tó ṣe Freddy Krueger nínú fíìmù, tó fọwọ́ sí fọ́tò fún un. Ní Èkìtì, láti Ìkẹ́rẹ́ dé Òkè-Ìmẹ̀sí, ọ̀nà mìíràn ni. Jimoh Aliu, tí wọ́n mọ̀ sí Àwòrò, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí tó kú ní 2020, ló gbé eré Arelu jáde lórí tẹlifíṣọ̀n. Ibẹ̀ ni Ojo Arowosafe ti di Fádèyí Olóró, tí ọfọ̀ rẹ̀ ń lé ọmọdé wọ abẹ́ àga.

Bí irú òṣèré bẹ́ẹ̀ bá yọ lóde ìnáwó, kò sí ìlà, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì. Ọmọdé á sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ìyá á kí i, “Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá,” ṣùgbọ́n láti òkèèrè. Ẹni tó láyà á lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí, á bá a ya fọ́tò, á wá rọra béèrè bóyá ọfọ̀ ọjọ́sí máa ń jẹ́ lóòótọ́. Àlàyé pé eré lásán ni kì í wọ̀ ọ́ létí. Onílé rẹ̀ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, díẹ̀ péré nínú ọfọ̀ náà ló ń tọrọ. Bí wọn ò bá fún un, fọ́tò náà ni yóò fi han onílé.