Osùn Ẹ̀yìn Ìjàpá

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbágbòó, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo, àti ìlú kan tó wà lókè òkun.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìlú kan wà létí odò. Tí o bá dúró ní bèbè odò náà, Kánádà lò ń wò ní òdìkejì yẹn. Ẹ má bi mí lórúkọ ìlú. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti jókòó lórí iṣẹ́ ọwọ́ wọn rí.

Erin ni alágbẹ̀dẹ ìlú náà. Kì í rọ ọkọ́, ọkọ̀ ló ń rọ. Ní ọdún 1914, Erin fọn fèrè. Ó ní ẹni tó bá wá ṣiṣẹ́ lágbẹ̀dẹ òun, òun lè san dọ́là 5 fún un lójúmọ́. Háà! Ẹranko gbọ́, ẹranko dìde. Àgùntàn ti ìkọjá òkun wá. Ẹtu ti gúúsù wá, níbi tó ti ń ká òwú sínú àká onílẹ̀. Wọ́n dé, wọ́n bọ́ ẹ̀wù, wọ́n gbé òòlù.

Ìjàpá náà dé. Ó gbìyànjú láti gbé òòlù, òòlù ò gbé. Ó wá jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, ó ń wo èrò tó ń wọ́ wọ̀lú. Ó ní, "Gbogbo àwọn wọ̀nyí ló máa wá ibi sùn." Bẹ́ẹ̀ ni Ìjàpá ṣe di alágbàtà ilé.

Nígbà tó yá, ọ̀dá owó dá. Kìnnìún ọba ní òun yóò máa ṣonígbọ̀wọ́ owó ilé, kí mẹ̀kúnnù lè yá a, kó sì san án díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọ̀kẹ́rẹ́, akápò ọba, fẹ́ mọ àdúgbò tí owó lè wọ̀ kó sì jáde láàyè. Ìjàpá ní, "Kábíyèsí, èmi ni mo mọ ìlú."

Ó sáré délé, ó dojú bolẹ̀. Ó ní, "Yánníbo, mú abẹ wá. Kọ ìlú sí mi lẹ́yìn."

Yánníbo ń kọ ọ́, Ìjàpá ń júwe.

"Fa ilà yí àdúgbò Àgùntàn ká."

Ó fà á.

"Fa ilà yí àdúgbò Ẹtu ká. Bu osùn sí i."

"Ṣé ilé wọn ń jò ni?"

"Bu osùn sí i."

"Ṣé wọn kì í san gbèsè ni?"

"Yánníbo, ṣé ìwọ ni akápò? Bu osùn sí i!"

Abẹ ń dùn ún, ṣùgbọ́n owó dùn ju abẹ lọ. Ilẹ̀ mọ́, Ìjàpá dé ààfin. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní, "Yí ẹ̀yìn padà ká wò ó." Ó yí ẹ̀yìn padà. Osùn ń dán yinrin. Láti ọjọ́ náà ló ti di òfin láàfin: owó ọba kì í tẹ osùn. Ẹtu ìbáà ní iṣẹ́ lọ́wọ́, ìbáà má jẹ ẹnikẹ́ni, owó ọba kì í tẹ osùn.

Ó di ọdún 1941. Ìjàpá rí ilẹ̀ kan, ó fẹ́ kọ́lé síbẹ̀ fún Àgùntàn. Ọ̀kẹ́rẹ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní, "Rárá o. Ó ti súnmọ́ osùn jù."

Kí ni Ìjàpá ṣe? Ó mọ ògiri sáàárín. Kọ̀ǹkéré ni. Ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6, ó gùn tó ìlàjì máìlì. Ọ̀kẹ́rẹ́ wo ògiri, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tú àpò. Ògiri yẹn ò dá òjò dúró, kò dá ẹ̀fọn dúró. Owó nìkan ló dá dúró. Ẹ lọ síbẹ̀ lónìí, ẹ ó bá a níbẹ̀.

Ọba tún ní òun fẹ́ la ọ̀nà gbọọrọ. Ọ̀nà náà kò gba àgbàlá Àgùntàn. Àárín ọjà Ẹtu ló gbà kọjá, níbi tí onígbàjámọ̀ wà, tí olóúnjẹ wà, tí àwọn onílù ń lùlù di àfẹ̀mọ́júmọ́. Wọ́n wó gbogbo rẹ̀. Ẹtu di ẹrù rù, ó ń wá ilé kiri. Ìjàpá fọwọ́ pa inú, ó ní, "Oúnjẹ dé."

Àárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá ìyá Ẹtu kan níbi tó ti ń dúró de ọkọ̀. Ó ní, "Ìyá Ẹtu, ẹ gba owó díẹ̀ yìí. Ẹ kàn bá mi pọn ọmọ yín, kí ẹ rìn gba òpópónà àwọn Àgùntàn."

"Kí n ra kí ni bọ̀, ọ̀gá?"

"Ẹ má ra nǹkan kan. Ẹ kàn rìn ni."

Ìyá Ẹtu pọn ọmọ, ó ń rìn jẹ́jẹ́. Ọmọ ń wo òdòdó, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìjàpá ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, ó ń kan ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, ó ń kọrin:

Àgùntàn, ṣé o ti gbọ́?
*Kíjì kíjì, ẹsẹ̀ ń bọ̀.*
Ẹtu mà ti dé ìkóríta,
*Kíjì kíjì, ẹsẹ̀ ń bọ̀.*
Ilé olówó á dọ̀fẹ́ lọ́la,
*Kíjì kíjì, ẹsẹ̀ ń bọ̀.*
Tà á fún mi kílẹ̀ tó ṣú,
*Kíjì kíjì, ẹsẹ̀ ń bọ̀.*

Ẹ mọ ìwà àgùntàn. Bí ọ̀kan bá fò, gbogbo agbo á fò. Ọ̀kan tà, méjì tà, òpópónà tà. Ohun tó tó mẹ́wàá, Ìjàpá rà á ní márùn-ún. Ó yíjú sí Ẹtu, ó tà á ní ogún. Owó ọba kì í tẹ osùn, àb'ẹ́ẹ̀ rántí? Ìjàpá fúnra rẹ̀ ló wá kọ àdéhùn: máa san lóṣooṣù. Ìwé ilé wà lọ́dọ̀ mi títí o ó fi san tán. Tí o bá fo oṣù kan, ilé di tèmi padà, owó tó ti wọlé kò jáde mọ́.

Ìyá Ẹtu náà ra ọ̀kan ní òpópónà tó rìn kọjá yẹn. Ó san án, ó san án. Ọdún kejìlá, àìsàn dá a dúbúlẹ̀, ó fo oṣù kan. Ìjàpá kan ilẹ̀kùn. Ilé di ti Ìjàpá. Ọjọ́ kejì, ó tún un tà.

Àgùntàn ti kó lọ sí ẹ̀yìn odi. Erin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹwìrì rẹ̀ tẹ̀ lé wọn. Ó kúrò lẹ́yìn odi, ó lọ jìnnà sí i. Ẹtu kù sílùú pẹ̀lú òòlù tí kò rí irin lù, àwọn Ìkookò ọba sì ń ṣọ́ ọ tọ̀sán tòru. Ní ọdún 1967, wọ́n ya wọ ilé ọtí kan lóru. Ni iná bá sọ. Ó jó fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀mí 43 lọ sí i. Ìjàpá ká ọwọ́ lérí, ó ní, "Ṣé ẹ rí i? Iná ló ba ìlú yìí jẹ́." Kò sẹ́ni tó bi í pé ta ló ti ń kó igi jọ látọjọ́ yìí.

Ní 1968, Kìnnìún ké ramúramù: osùn di èèwọ̀! Ìjàpá ló kọ́kọ́ lọ sódò. Ó fọ̀ ọ́ lójú gbogbo ayé. Ó ní, "Ẹ wò ó, ẹ̀yìn mi mọ́." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Ní 1950, ẹranko tó lé ní 1,800,000 ló ń gbé ìlú náà. Ní 2010, wọn ò pé 720,000. Ẹrù tí ìlú odindi ń rù tẹ́lẹ̀, àwọn tó kù ló ń rù ú. Wọ́n díye lé ahéré Ẹtu bí ẹni díye lé ààfin, wọ́n ní kó wá san owó orí lé e. Àdúgbò gan-an tí Erin ti fọn fèrè dọ́là 5, ibẹ̀ ni wọ́n ti hú òpó iná ojú pópó tó lé ní 1,000 ní 2011, torí gbèsè. Ní 2013, ìlú lọ sí kóòtù, ó ní òun ò lè san gbèsè òun mọ́. Ní 2014, wọ́n ń gé omi ilé dé ilé.

Wọ́n wá ń ta ilé ní gbàǹjo. Dọ́là 500 ni wọ́n fi ń ṣí ọjà. Ìjàpá kì í tètè kú, ẹ mọ̀. Ó tún dé! Ó ra ilé, ó ra òpópónà, ó ra òpópónà kejì. Ó ní lọ́jọ́ tí ìlú bá gbérí, òun ni ọba.

Ó ṣílẹ̀kùn àkọ́kọ́: Èkúté ti hú páìpù bàbà lọ. Ó ṣí èkejì: òrùlé ti wà nílẹ̀. Gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ ti tán sí gbàǹjo. Ó gba ààfin lọ, ó fẹ́ yáwó tún ilé ṣe.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ní, "Yí ẹ̀yìn padà ká wò ó."

"Ọ̀kẹ́rẹ́, osùn ti lọ! Òfin ti lé e lọ!"

"Òótọ́ ni. Osùn ò sí. Ilé tí o fẹ́ tún ṣe ńkọ́, inú ilà wo ló wà?"

Ẹnu Ìjàpá wọhò. Ẹ̀yin tí wọ́n kọlà fún mọ̀ ọ́n: osùn á ṣí, abẹ kì í ṣí. Ọ̀kẹ́rẹ́ pa àpò dé.

Ìjàpá padà sílùú lálẹ́. Kò síná. Ó sùn mọ́ ògiri tó fọwọ́ ara rẹ̀ mọ, ó ń fi ẹ̀yìn ha á, gìrì, gìrì, kí ilà lè parẹ́. Àwọn ọmọ Ẹtu gbọ́, wọ́n yọrí lókè ògiri:

Ìjàpá, ṣé o ti gbọ́?
*Kíjì kíjì, ẹsẹ̀ ń bọ̀.*
Osùn ṣí, ilà kò ṣí,
*Kíjì kíjì, ẹsẹ̀ ń bọ̀.*
Ẹni tó ní ká fà á ló gbé e,
*Kíjì kíjì, ẹsẹ̀ ń bọ̀.*

Ìyá arúgbó kan ń bọ̀, ó gbé garawa omi tó lọ pọn nílé aládùúgbò. Òun ni ọmọ ẹ̀yìn ìyá Ẹtu ọjọ́sí, tó ń wo òdòdó. Ìjàpá ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ta omi sí mi lẹ́yìn."

Ìyá tan tọ́ọ̀ṣì. Ó tẹ̀ ba, ó ń fi ìka tọ ẹ̀yìn Ìjàpá. Ó ní, "Ibí lọjà wà. Ibí ni ògiri. Ibí nilé ìyá mi." Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ìjàpá, omi ò lè fọ èyí." Ó gbé garawa rẹ̀, ó wọlé.

Ìdí nìyí tí ẹ̀yìn Ìjàpá fi pín sí àdúgbò àdúgbò títí dòní. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni wí o. Ẹni tó bá rò pé òun ni mò ń bá wí, kó yí ẹ̀yìn padà ká wò ó.

Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká, ìdí àlọ́ mi rèé gbàǹgbàlàkà. Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ṣe ró. Bí n kò bá purọ́, kó ró lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Pó! Pó! Pó!