Èmi, Ṣàngó àti Tíṣà Mákùn-Omi

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Ìjẹ̀bú-Igbó mọ̀ pé kò dára kí èèyàn dárúkọ eré Ọba Kò So létí mi. N kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ mọ́. Ìbàdàn ni mo ti wò ó, nígbà tí mo ṣì wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà, tí Dúró Ládiípọ̀ tó kọ eré náà fúnra rẹ̀ ń ṣe Ṣàngó, tí Abíọ́dún ìyàwó rẹ̀ sì ń ṣe Ọya. Bàtá ń dún, iná ń jáde lẹ́nu ọkùnrin náà, èmi sì di àga mú gírígírí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fi ara mi jẹ agbẹnusọ Ṣàngó láàárín àwọn Ìjẹ̀bú, tí wọ́n gbà pé kò tún sí eré mọ́ lẹ́yìn ti Ògúndé ọmọ Ọ̀ṣọ́sà. Mo máa ń sọ fún wọn pé Ògúndé ló la ọ̀nà ní 1944, a dúpẹ́, àmọ́ kí wọ́n jẹ́ kí ará Òṣogbo náà mí.

Nígbà tí mo wá gbọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ kan ń gbé eré náà bọ̀ ní gbọ̀ngàn kan ní Àgọ́-Ìwòyè, gbogbo ayé ni mo pè lórí fóònù. Ara àwọn tí mo pè ni tíṣà kan tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi rí, tó ń gbé Mákùn-Omi báyìí, tó tilẹ̀ ti joyè níbẹ̀. Ó gbé ẹja gbígbẹ apẹ̀rẹ̀ kan wá fún mi. Ẹ̀gbẹ́ mi ni mo ní kó jókòó sí. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi fa àga fún un.

Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, mo ti ń ṣe lẹ́kíṣọ̀ fún àwọn ọmọ tó wà níwájú wa. Mo ní Ládiípọ̀ ló gbé ìlù wọ orin ṣọ́ọ̀ṣì ní Òṣogbo tí inú fi bí àwọn kan nínú ìjọ. Mo ní òun àti Ulli Beier ni wọ́n dá ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà Mbari Mbayo sílẹ̀ ní 1962, pé 1963 ni Ọba Kò So jáde, pé nígbà tó fi máa di 1964 ó ti dé Berlin, ó sì dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀, mò ń kọ ọ́ ṣáájú àwọn òṣèré. Ọmọbìnrin kan yíjú padà, ó kúnlẹ̀ lórí àga rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, tiwọn la sanwó fún." Ìyàwó mi já mi ní èékánná nítan.

Ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ Tìmì ti dé.

Nígbà èwe mi, ẹ̀yìn Ṣàngó ni mo wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. N kò ro ohun tó ń ṣe wò. Jagunjagun méjì ló ní, Tìmì àti Gbọ̀nkáà; agbára wọn pọ̀ jù, ọba sì ń wá bó ṣe máa yọ ara rẹ̀. Ó rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ pé kó lọ ṣọ́ ibodè. Lójú ayé, iṣẹ́ ọlá ni. Nínú ikùn ọba, kó má padà ni. Tìmì dé Ẹdẹ, wọ́n fi í jọba.

Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í bò mí. Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, ọkùnrin tó jókòó tì mí yìí kì í jẹ́ kí n sinmi. Ní gbogbo ìpàdé ló máa ń béèrè ibi tí owó eré ìdárayá wọlé sí. (N kò jí i o. Páànù orí ọ́fíìsì mi ló ń jò.) Àwọn ọmọ tún fẹ́ràn rẹ̀ jù mí lọ. Mo bá kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀gá àgbà pé irú ọ̀dọ́ yìí ni àwọn ará etídò nílò. Láyé ìgbà náà, bí wọ́n bá ní kí tíṣà lọ sí Ogun Waterside, ìyá rẹ̀ á sunkún: ọ̀nà jìn, ẹ̀fọn pọ̀, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń dé ibòmíràn. Mo yìn ín nínú lẹ́tà náà débi pé omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Ó sì mú ṣìnáàpù wá dúpẹ́. Mo gbà á, mo sì mu ún. Ó dé Mákùn-Omi, ó fẹ́yàwó, ó kọ́lé, ó ra ọkọ̀ ojú omi onínjìnnì, ó di ọ̀gá ilé-ìwé, wọ́n fi í joyè.

Bí Ṣàngó ṣe ń pọ́n Tìmì lé lórí ìtàgé, olóyè rẹ́rìn-ín jẹ́ẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Ọ̀gá, ọba yìí mà gbọ́n o."

Mo pinnu láti díbọ́n pé oorun ń kùn mí, kó má baà bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Mo dijú. Àfi bí Gbọ̀nkáà, tí ọba rán lọ mú Tìmì, ṣe jáde, tó bẹ̀rẹ̀ ọfọ̀ tó fi ń kun Tìmì lóorun. Tìmì sùn lókè, èmi náà sùn nísàlẹ̀, oorun gidi. Ìyàwó mi ní bí bàtá ṣe ń dún ni mò ń han-un, àwọn tó wà lẹ́yìn sì ń pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé mo wà nínú eré ni.

Èéfín ló jí mi. Mo la ojú, mo rí ọkùnrin tí iná ń jáde lẹ́nu rẹ̀, mo kígbe pé "Iná o! Ẹ sá!" mo sì fò dìde. Apá agbádá mi há sára àga, ó ya fàà. Odidi ìlà tiwa dìde tẹ̀ lé mi. Ṣàngó alára fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín pẹ̀lú kẹrosíìnì lẹ́nu.

Níta, olóyè bá mi ká apá agbádá tó ya náà. Ó ní, "Ọ̀gá, ibi tí ọba ti rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ, báwo lẹ ṣe rí i sí?"

Mo ní, "Àṣé wọ́n ṣe ibẹ̀? Oorun ti gbé mi lọ."

"Rárá, sà. Gbọ̀nkáà lẹ sùn sí. Nígbà ti Tìmì, ojú yín là rekete. N kò wo eré níbẹ̀ rárá, ẹ̀yin ni mò ń wò."