Iná Gogoro Má Gùn Mí Lójú

Fọ́tò ìfẹ̀yìntì kan dé ọwọ́ mi láti iléeṣẹ́ kan ní Ọba Akran, Ìkejà. Bàbá tó ti fi ọdún 30 ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ló dúró níwájú, ó gbá aago ògiri tí wọ́n fi dá a lọ́lá mọ́yà. Lẹ́yìn rẹ̀, fọ́tò alága iléeṣẹ́ wà lára ògiri nínú férémù onígíláàsì. Ojú alága yìí gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó fẹ̀ ju ojú bàbá lọ, etí rẹ̀ ọ̀tún sì ti di méjì.

Fọtógíráfà ló dúró gbagidi síwájú gíláàsì, tó tan fíláàṣì. Iná ta padà, ó gbé ojú alága mì. Àwọn òṣìṣẹ́ pariwo, "Fọtógíráfà, iná ti bo ojú ọ̀gá o!" Ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu, sà. Photoshop á mú un kúrò."

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó: kí ewu tó dé la ti ń yà fún un. Fọtógíráfà wa gbọ́ òwe yìí, ó tún un ṣe: ẹ jẹ́ kó gún mi ná, mo mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ojú ní Computer Village.

Iná tó ń lu gíláàsì kì í ṣe awo. Bó bá ṣe gba ẹ̀gbẹ́ kan wá ni yóò ṣe gba ẹ̀gbẹ́ kejì lọ. Ẹni tó bá dojú kọ gíláàsì á gba iná rẹ̀ padà tààrà. Ẹni tó bá sún díẹ̀ sí òsì, iná á bá tirẹ̀ lọ, kò ní bá kámẹ́rà pàdé. Ìṣísẹ̀ méjì péré! Bí ẹsẹ̀ bá wúwo, kó kọ orí fíláàṣì sókè kí iná ba àjà, kó rọra sọ̀ kalẹ̀. Bí ọwọ́ náà bá tún wúwo, kí wọ́n yọ férémù. Ìṣó kan ló gbé e dúró.

Rárá o. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Thomas àti John Knoll, ti bá wa ṣe Photoshop, ó sì ti wà lọ́jà láti 1990. Ta ló tún fẹ́ sún sẹ́gbẹ̀ẹ́? Ẹsẹ̀ tí kò lè yà fún gíláàsì wọ dánfó láti Pen Cinema, Agége, ó jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ó já sí Ọ̀tígbà ní Computer Village láàárín àwọn tó ń fa aṣọ èèyàn, "Brọ̀dá, kí lẹ fẹ́ rà?", títí ó fi bá ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà. Ọmọ náà fẹ fọ́tò sí i. Ibi tí iná gbé mì funfun báláú: pupa 255, àwọ̀ ewé 255, búlúù 255, ó ti kan òpin. Kò sí ojú kankan lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n lè hú jáde. Ohun tí kámẹ́rà kò rí, kọ̀ǹpútà kò lè rántí. Yíyá ló ń yá lọ́wọ́ aládùúgbò. Ó yá ògiri, ó yá kọ́là, ó yá etí. Nígbà tí kò tó, wọ́n ré ojú alága kúrò lára kàlẹ́ńdà iléeṣẹ́, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó rí i pé bàbá tó ń fẹ̀yìn tì dijú.

Kì í ṣe pé mo kórìíra kí wọ́n tún fọ́tò ṣe. Ní 1978, Stephen Sprague, tó ṣe ìwádìí nípa fọ́tò nílẹ̀ Yorùbá, kọ̀wé nípa àwọn ayàwòrán Ìlá-Ọ̀ràngún: bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọ́n á ya èyí tó kù, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan náà, kí Táyé àti Kẹ́hìndé lè jókòó ti ara wọn. Bó bá jẹ́ obìnrin ló lọ, tó ku ọkùnrin, wọ́n á tún un yà nínú aṣọ obìnrin. Ìyá á gbé ìyẹn dání, á sì rí ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Ikú ni wọ́n ń bá fà á, ikú kì í sì í ṣe férémù tí wọ́n ń yọ lára ìṣó.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé ọ̀sán gangan ni wọ́n ya fọ́tò Ọba Akran yìí. Fèrèsé kún ẹ̀gbẹ́ kan gbọ̀ngàn náà, wọ́n sì fa kọ́tìnì bo gbogbo rẹ̀. Mo bi fọtógíráfà pé kí ló dé tí kò ní kí wọ́n ká a.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, oòrùn máa ń ba fọ́tò jẹ́."