Ìgbìmọ̀ Rà-Á-Má-Rà-Á ti Tudun Wada

Bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan bá ń rò ó bóyá kí òun ra ọ̀dọ́mọkùnrin tí nǹkan ò ṣẹnuure fún, kí ló ń náwó sórí àwọn ògbóǹtagí fún? Ẹ ní kí wọ́n wá sí Tudun Wada, ní Minna, ní alẹ́ Sátidé, sí ilé ìwòran èyíkéyìí tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ni ìgbìmọ̀ wa ń jókòó. Baba télọ̀ ni alága. Ọlọ́kadà méjì ni akọ̀wé. Mai shayi tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló di ètò ìnáwó mú, torí òun nìkan ló mọ iye tí oníkálukú wa jẹ.

Ìdánwò wa ò le. A ó kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ orí ọmọ náà: èyí tí ìyá rẹ̀ mọ̀ ni, àbí èyí tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù? Lẹ́yìn náà la ó wo irun orí rẹ̀. Bó bá ti kùn ún ní àwọ̀ ìyeyè, ẹjọ́ ti parí, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ò lè gbọ́rọ̀ sí kóòṣì lẹ́nu. Bọ́ọ̀lù ló ṣìkẹta, bí àkókò bá ṣì kù.

Ìgbìmọ̀ yìí kan náà ni ì bá rí Victor Osimhen lọ́dún 2018, tí ì bá sì ní kó máa lọ. Ọmọ Olúṣosùn l'Ékòó ni, ó ti ta píọ́ wọ́tà nínú gósílóò kó tó lọ jẹ góòlù 10 ní Chile lọ́dún 2015, níbi ife àgbáyé àwọn tí ọjọ́ orí wọn ò ju ọdún 17 lọ. Wolfsburg ti Jámánì gbé e lọ ní 2017. Góòlù mélòó ló jẹ fún wọn nínú líìgì? Òdo. Ibà tún dá a dùbúlẹ̀. Zulte Waregem àti Club Brugge, ní Bẹ́ljíọ̀mù, yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn méjèèjì ní àwọn ò fẹ́. Charleroi, tí kò lókìkí tó Brugge rárá, wá yá a lò. Wọ́n fi í síwájú, wọ́n sì jẹ́ kó wà níbẹ̀. Góòlù 20 ló fi dá wọn lóhùn láàárín sáà kan. Nígbà tó máa fi di 2020, Napoli ti san ohun tó tó mílíọ̀nù 70 yúrò nítorí rẹ̀ fún Lille, ẹgbẹ́ tó gbà á lẹ́yìn Charleroi, ní 2023 ó sì bá wọn gba líìgì Ítálì tí wọn ò rí gbà fún ọdún 33. Gbogbo Tudun Wada ló ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ bi wọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé gbogbo ẹni tó ń táràkà ló máa di Osimhen ni?" Àbúrò tó bi mí léèrè yìí ò ṣìwí. Macauley Chrisantus náà jẹ góòlù 7 ní Kòríà lọ́dún 2007, òun ló jẹ góòlù jù nínú irú ìdíje kan náà. Hamburg gbé e, ṣùgbọ́n kò gbá líìgì fún wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n sọ ọ́ di àkàbà àdúgbò, kí tibí yá a, kí tọ̀hún yá a, títí ó fi bá tirẹ̀ lọ.

Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ń ra irú ọmọ bẹ́ẹ̀, nínú bọ́ọ̀lù tiwọn tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbá tí wọ́n sì ń pè ní ti ẹlẹ́sẹ̀. Lọ́dún 2021, San Francisco kó ẹ̀tọ́ àtimú ọmọ tuntun ní ìpele kìíní fún ọdún mẹ́ta sílẹ̀ kí wọ́n lè mú quarterback kan, ẹni tó ń darí eré, Trey Lance. Eré mẹ́rin péré ló bẹ̀rẹ̀ fún wọn, kókósẹ̀ rẹ̀ kán, ọmọ tí wọ́n mú gbẹ̀yìn pátápátá ní 2022, ẹni 262, sì padà wá jókòó sáyè rẹ̀. Ní 2023, Dallas rà á ní ẹ̀tọ́ ìpele kẹrin kan ṣoṣo. Ọjà ọ̀pọ̀! Wọ́n gbé e délé, sáà yẹn parí, kò fẹsẹ̀ kan pápá nínú eré líìgì kankan. Mo ní ẹ̀gbọ́n kan tó máa ń ra bàtà báyìí.

Èrò tèmi ni pé owó ọmọ kọ́ ni ká máa jiyàn lé lórí. Ẹni tí kò bá ní ibi tí yóò ti gbá a, kó má rà á, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́. Èyí ló jẹ́ kí n máa bẹ̀rù nígbà tí ìgbìmọ̀ bá ní kí Niger Tornadoes, ọmọ ilé wa, lọ gbé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí Yúróòpù dá padà. Tornadoes kì í ṣe ẹgbẹ́ yẹpẹrẹ, wọ́n gba ife FA ní ọdún 2000. Ṣùgbọ́n ní sáà 2024/25, Kaduna ni wọ́n ti ń gba àlejò, nígbà tí pápá Bako Kontagora ń retí àtúnṣe. Ẹ wá wo ọmọ tó ti Jámánì dé pẹ̀lú ìbànújẹ́, tó béèrè ilé, tí wọ́n ní kó wọ bọ́ọ̀sì. Àwa tí à ń rà á yìí ńkọ́? Ẹ̀wù Arsenal ló wà lọ́rùn alága. Ti Chelsea ló wà lọ́rùn àwọn akọ̀wé méjèèjì. Bí mo bá bi wọ́n pé ta ni gólì Tornadoes, mai shayi nìkan ló máa ń gbìyànjú, gbèsè ló sì máa ń fi parí ìdáhùn rẹ̀.

Síbẹ̀, mo ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ra ọmọ náà. Àdéhùn kan ni mo fẹ́ kí wọ́n kọ sínú ìwé: eré 15 gbáko ni yóò gbá, ì báà jẹ góòlù, ì báà jẹ ẹ̀wà. Ẹnikẹ́ni tó bá pariwo "Yọ ọ́!" kí eré kẹwàá tó pé ni yóò san owó mọ́tò rẹ̀ lọ sí Kaduna, àlọ àti àbọ̀, títí sáà yóò fi parí. Alága ti ní òun ò lè fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Àwọn akọ̀wé ní àwọn ò mọ̀wé.