Ẹnjiníà Tí Kò Tíì Di Ẹnjiníà

Ẹ sún mọ́bí, kí n rọra sọ̀rọ̀. Èmi kì í ṣe olófòófó, gbogbo agboolé wa ní Òkè-Báálẹ̀ ló mọ̀. Fèrèsé mi ló kàn dojú kọ yàrá ọmọ Ìjẹ̀ṣà yẹn. Ọmọ náà kì í sùn mọ́! Aago méjì òru, tọ́ọ̀ṣì ló fi ń kàwé. Ìyá Ìbejì ní obìnrin ló ń bá sọ̀rọ̀ lóru. Ìyá Ìbejì kan náà tó ní ológbò ló jẹ ẹja òun, tí a wá rí egungun ẹja lápò ọkọ ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀.

Ìdánwò ẹnjiníà ọmọ náà ló ń bọ̀. Mo ní, "Ìdánwò wo tún ni? Ṣebí o ti jáde yunifásítì, o ti sìnrú ìlú?" Ó ní, "Màmá, ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn o." Ó ní èèyàn gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin, ó kéré tán, kó tó jókòó ìdánwò Nigerian Society of Engineers, ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ wa dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1958. Á kọ ìròyìn iṣẹ́ tó ti ṣe, á kọ àròkọ, á tún lọ jókòó síwájú àwọn àgbà tí wọ́n máa bi í pé: "Ṣé ìwọ lo ṣe é, àbí téèpù lo bá wọn dì mú?" Tó bá yege, ó ku COREN, àwọn tí òfin 1970 gbé kalẹ̀ láti máa forúkọ ẹnjiníà sílẹ̀. Ẹni tí orúkọ ẹ̀ ò bá sí níwèé wọn, òfin ò gbà á láyè láti pe ara ẹ̀ ní ẹnjiníà. Háà! Kí la wá ń pe bíríkìlà tó gbẹ́ ṣáláńgá wa sí?

Ìyá ẹ̀ ti dé láti Iléṣà tòun tiṣu. Ọjọ́ tọ́mọ ti wọ yunifásítì ni wọ́n ti ń kí i ní Ìyá Ẹnjiníà lọ́jà Àtàkúnmọ̀sà. Ta ló fẹ́ lọ sọ fún wọn pé ó kù díẹ̀?

Lọ́jọ́ Sátidé, ọmọ yìí gbé kóònù irin tí wọ́n fi ń dán kọnkéré wò síta, gíga ẹ̀ 300 mìlímítà, ó po kọnkéré. Ó ń rọ ọ́ sínú kóònù ní ìpele mẹ́ta, ó ń fi ọ̀pá irin gún ìpele kọ̀ọ̀kan nígbà 25. Àwọn ọmọdé ń bá a kà á. Bàbá Lándílọ́ọ̀dù yọjú: "Ta ló ń gúnyán láìpè mí?" Ọmọ náà rọra fa kóònù sókè, kọnkéré bá tẹ́ pẹrẹsẹ. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ìyá ẹ̀ ti pòṣé: "Omi ti pọ̀ jù. Ta ni yóò jẹ irú iyán yìí?" Ọmọ bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja! Ó ní ohun tí gbogbo ìwé òun ń sọ nìyẹn: omi àpọ̀jù ló ń gba agbára kọnkéré.

A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ilé alájà 21 wó ní Ìkòyí lọ́jọ́ 1 oṣù kọkànlá 2021, ó pa èèyàn tó lé ní 40. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé, kí bíríkìlà máa to búlọ́ọ̀kù ẹ̀, àmọ́ ẹ béèrè èdìdì COREN kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ iye irin tí ẹ máa rà. Ẹ má tijú. Owó yín ni, ẹ̀mí yín sì ni.